Píìnì tó há sínú ìbọn ìléwọ́ àtijọ́: ọ́ìlì, ooru, hámà, àbí kí ẹ gbé e fún alágbẹ̀dẹ ìbọn?

Houston ni mò ń gbé, ibẹ̀ ni mo ti ra ìbọn ìléwọ́ M1911A1 kan lọ́wọ́ oníṣòwò tó ní ìwé àṣẹ. Remington Rand ló ṣe é nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Taipúráítà ni iléeṣẹ́ náà ń ṣe kí ogun tó dé. Nígbà tí ogun fi parí, irú ìbọn yìí tó ti ọwọ́ wọn jáde lé ní 800,000. Tèmi pé, kò sí ohun tó já lára rẹ̀, àfi píìnì kan ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ tó há gbagidi. Píìnì yẹn ló di ilé sípíríǹgì mú, ìyẹn irin tó tẹ̀ kọdọrọ tí àtẹ́lẹwọ́ máa ń gbé lé. Bí kò bá jáde, kò sí bí èèyàn ṣe máa dé inú ikùn ìbọn náà láti fọ ìdọ̀tí ọgọ́rin ọdún kúrò.

Ọ̀nà mẹ́rin ló wà: ọ́ìlì tó ń rìn wọ àárín irin, ooru, hámà pẹ̀lú pọ́ńṣì (irin gbọọrọ tí à ń fi hámà lù láti ti píìnì jáde), tàbí alágbẹ̀dẹ ìbọn. Mo ti lo mẹ́ta àkọ́kọ́ lórí ìbọn yìí, mo sì ti sanwó fún ìkẹrin lórí òmíràn. Èyí tó yẹ kí ẹ yàn dá lórí ohun tó di píìnì yín mú. Ẹni tó ń fi hámà lu gíríìsì gbígbẹ ń ba ohun ìní rẹ̀ jẹ́ lásán. Ẹni tó sì ń da ọ́ìlì sórí píìnì tí wọ́n ti lù lórí títí tó fi fẹ̀, agbọ̀n ló fi ń pọnmi.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹni tó ní ẹ̀tọ́ lábẹ́ òfin láti ní ìbọn ìléwọ́ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Nílé ní Nàìjíríà, Òfin Ìbọn ọdún 1959 kó ìbọn ìléwọ́ mọ́ àwọn ìbọn èèwọ̀ tí èèyàn kò lè ní láìgba ìwé àṣẹ Ààrẹ. Òfin ọdún 1997 sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á tán lọ́wọ́ àwọn aráàlú ní Gẹ̀ẹ́sì, Wales àti Scotland. Ní Amẹ́ríkà, òfin àpapọ̀ ka èyí tí wọ́n ṣe ní 1898 tàbí ṣáájú sí ohun àtayébáyé, èyí tó bá sì ti pé àádọ́ta ọdún lè bọ́ sínú ẹgbẹ́ tí àwọn olùkójọ ń lo ìwé àṣẹ tiwọn fún. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan tún ní òfin tirẹ̀, ẹ wádìí ti yín.

Ìbọn tí ọta wà nínú rẹ̀ kò sí lára ohun tí à ń fọ̀. Ẹ yọ ilé ọta, ẹ fa irin òkè sẹ́yìn, ẹ wo ihò ọta, ẹ tún fi ìka kàn án, nítorí ojú máa ń tanni jẹ níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò bá tó. Ẹ kó gbogbo ọta kúrò nínú yàrá náà pátápátá. Mo máa ń ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, kódà bí n kò bá tíì kúrò nídìí tábìlì. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tú irin òkè àti ọ̀pá ìbọn kúrò, kó lè jẹ́ ara ìsàlẹ̀ nìkan ló kù lọ́wọ́ yín. Ẹ wọ awò ààbò sójú: sípíríǹgì tó wà lábẹ́ ọ̀pá ìbọn M1911 lè fò jáde bí òkò bí ọwọ́ bá yọ̀ lórí rẹ̀.

Kí ló dì í mú?

Ẹ mú gíláàsì tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, kí ẹ wo orí píìnì náà lápá méjèèjì. Iṣẹ́jú márùn-ún yìí ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà, òun sì ni èmi fò lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Bí ẹ bá rí ohun tó dúdú tàbí tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú tó ń dán, tí èékánná lè họ kúrò, gíríìsì àtijọ́ ni. Àwọn ológun máa ń fi ọ̀rá kan tí wọ́n ń pè ní Cosmoline kun ìbọn kí wọ́n tó tọ́jú rẹ̀ pamọ́. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ọ̀rá náà á gbẹ, á sì le bí ìda. Bí àwọ̀ náà bá rí bí osùn, tó ń rọ̀ bí ìyẹ̀fun, ìpẹtà ni. Òógùn àtẹ́lẹwọ́ kún fún iyọ̀, ẹ̀yìn ọwọ́ ìbọn gan-an ló sì máa ń jókòó sí, ìdí nìyẹn tí píìnì ibẹ̀ fi máa ń tètè há ju ti òkè lọ. Bí orí píìnì bá fẹ̀ bí olú, tàbí tí ojú òòlù wà lára rẹ̀, ẹnìkan ti lù ú ṣáájú yín, ọ̀rọ̀ ti di ti ọ̀jọ̀gbọ́n.

Ìdí kẹrin kì í ṣe àìsàn rárá. Lórí M1911, sípíríǹgì ńlá tó ń ti òòlù ìbọn, ìyẹn irin ẹ̀yìn tí èèyàn ń fi àtàǹpàkò fà kí ìbọn tó yìn, ló tún ń ti irin kékeré kan mọ́ ara píìnì yìí kó má baà yọ fúnra rẹ̀. Bí òòlù ìbọn bá wà ní fífà sẹ́yìn, sípíríǹgì náà á fún un mọ́lẹ̀ gidigidi. Ẹ fi àtàǹpàkò sin òòlù ìbọn wálẹ̀ jẹ́jẹ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kó já lu ara ìbọn nígbà tí irin òkè kò sí níbẹ̀, nítorí ó lè ṣe irin léṣe. Mo mọ ẹnìkan tó fi ọjọ́ méjì da ọ́ìlì sórí píìnì tó jẹ́ pé òòlù ìbọn tó wà ní fífà nìkan ni wàhálà rẹ̀.

Ẹ tún wo ibi tí píìnì náà ní láti gbà jáde. Nínú ti M1911, orí kan rí roboto, èkejì ní kòtò díẹ̀. Inú kòtò yẹn ni ẹnu pọ́ńṣì ń jókòó sí. Nínú ọ̀pọ̀ ìbọn àtijọ́ mìíràn, píìnì máa ń ní eyín wẹ́wẹ́ lápá kan. Apá tí eyín yẹn wà ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jáde. Ẹni tó bá lù ú láti ibẹ̀ ń fi eyín náà ya gbogbo ihò.

Ọ́ìlì sí ọ́ìlì

WD-40 ni gbogbo ilé ní, òun náà ni mo kọ́kọ́ fín sí tèmi. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko, kò mira. Ẹ̀bi mi ni, nítorí iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe é kọ́ ni mo rán an. Ọdún 1953 ni wọ́n pò ó ní San Diego láti lé omi kúrò lára irin, wọ́n sì lò ó lára rọ́kẹ́ẹ̀tì Atlas kó má baà dípẹtà. Ó mọ omi lé dáadáa. Ó lè tú gíríìsì fẹ́ẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n níwájú ìpẹtà tó ti jókòó tipẹ́, kì í lọ jìnnà.

Kroil, tí wọ́n ń ṣe ní Tennessee, yàtọ̀ gedegbe. Ó máa ń rá pálá wọ ibi tí ojú kò rí àlàfo kankan. Òórùn rẹ̀ le, kì í ṣe ohun tí èèyàn ń lò nínú ilé ìdáná níbi tí ọmọ wà. Ẹ ṣí fèrèsé. Òun ni mo yàn, òun náà sì ni màá yàn lọ́la. Ìwà rẹ̀ kan ni pé ó fẹ́ sùúrù. Ẹ̀kán kan tàbí méjì lórí píìnì láàárọ̀, kí ẹ dùbúlẹ̀ ìbọn náà ní ẹ̀gbẹ́ kan. Lálẹ́, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ kejì, kí ẹ tún kán an sí orí kejì. Kò sí èrè kankan nínú fífín in kún gbogbo ara.

Àwọn mẹkáníìkì kan máa ń po ọ́ìlì gíà ọkọ̀ mọ́ asitóònù, ìdajì sí ìdajì. Ó ń ṣiṣẹ́, ó sì rọ̀ wọ́n lápò. Àmọ́ fún ìbọn àtijọ́, ọkàn mi kò gbà á. Méjèèjì kì í wọnú ara wọn dáadáa, ẹ gbọ́dọ̀ máa mì ín ní gbogbo ìgbà. Asitóònù ń gba iná kíákíá. Lékè gbogbo rẹ̀, ó ń jẹ ike. Ike aláwọ̀ ilẹ̀ ni wọ́n fi ṣe ìdìmú M1911A1 ìgbà ogun, àwọn tó sì jẹ́ ti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ti wọ́n. Síkúrù mẹ́rin péré ló dì wọ́n mú, ẹ yọ wọ́n kí ẹ tó mú ọ́ìlì tàbí kẹ́míkà èyíkéyìí sún mọ́ ìbọn náà.

Ballistol, tí wọ́n ṣe ní Jámánì ní 1904, ni ẹlẹ́jẹ̀ tútù láàárín wọn. Kò ní ba ike, igi tàbí awọ jẹ́. Agbára rẹ̀ lórí píìnì tó há kò tó ti Kroil, ṣùgbọ́n bí ìbọn yín bá ní ìdìmú igi tí kò ṣe é yọ, òun ni kí ẹ mú. Ọ́ìlì ẹ̀rọ ìránṣọ tí ìyá mi máa ń kán sí Singer rẹ̀ wà fún kí irin máa yọ̀. Kì í tú ohun tó há.

Ohun tí n kò gbọ́dọ̀ rí lórí tábìlì yín ni fínígà àti oríṣiríṣi ásíìdì tí wọ́n fi ń jẹ ìpẹtà. Wọ́n ń jẹ ìpẹtà lóòótọ́, wọ́n á sì jẹ àwọ̀ ìpilẹ̀ṣẹ̀ ìbọn mọ́ ọn, nítorí àwọ̀ dúdú tó ń dán lára ìbọn àtijọ́ fúnra rẹ̀, mọ̀lẹ́bí ìpẹtà ni. Àwọ̀ eléérú tí wọ́n fi kun ti ìgbà ogun kò sì le ju bẹ́ẹ̀ lọ níwájú ásíìdì. Àwọ̀ tó bá lọ, ó lọ nìyẹn. Ẹ lè tún un kùn, àmọ́ kò sí olùkójọ tí kò ní mọ̀, owó rẹ̀ á sì wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ooru

Àwọn èèyàn rò pé ooru ń mú kí ihò fẹ̀ kí píìnì lè bọ́. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Píìnì yìí nípọn tó nǹkan bíi mìlímítà 4. Bí ẹ bá fi dígíríì 80 ti Celsius kún ooru rẹ̀, kò ní wú ju 0.004 mìlímítà lọ, ihò tó wà nínú rẹ̀ á sì wú bákan náà. Nítorí náà kì í ṣe wíwú ló ń ṣiṣẹ́ náà. Yíyọ́ gíríìsì ni, àti sísán tí ìpẹtà máa ń sán nígbà tó bá gbóná tó tún tutù.

Cosmoline máa ń yọ́ láàárín dígíríì 45 sí 52. Ẹ ò nílò iná wẹ́dà fún ìyẹn. Omi híhó tó. Mo yọ ìdìmú, mo gbé ara ìsàlẹ̀ ìbọn náà sínú ìkòkò àtijọ́ tí a kì í fi se oúnjẹ mọ́, mo da omi híhó lé e, mo fi sílẹ̀ fún ìdá mẹ́ta wákàtí. Nígbà tí mo padà, omi náà ti pọ́n bí omi ẹ̀lùbọ́, ọ̀rá sì léfòó lójú rẹ̀. Mo dá a nù, mo tún da òmíràn. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Ọdún mélòó ni ọ̀rá yẹn ti wà níbẹ̀? Ó ṣeé ṣe kó dàgbà jù mí lọ.

Dráyà tí wọ́n fi ń gbẹ irun náà dára fún ẹni tí kò fẹ́ fi omi kan irin, àmọ́ ó lọ́ra, ibi kan ṣoṣo ló sì ń gbóná. Màá yan omi híhó ṣáájú rẹ̀, pẹ̀lú májẹ̀mú kan: omi á sá pamọ́ sínú ilé sípíríǹgì tí ẹ kò tíì lè tú. Ẹ fi dráyà gbẹ ẹ́, lẹ́yìn náà kí ẹ fín WD-40 sí gbogbo ihò. Lílé omi ni iṣẹ́ rẹ̀ gan-an, ibí yìí ni ó ti wúlò fún mi.

Iná wẹ́dà ńkọ́? Rárá o. Sípíríǹgì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ píìnì yẹn, agbára rẹ̀ á lọ bí ó bá gbóná kọjá ààlà, ibikíbi lára ìbọn tí wọ́n ti fi iná mú le ní iléeṣẹ́ náà lè dẹ̀. Ìbọn tó dẹ̀ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbé sún mọ́ ojú.

Hámà àti pọ́ńṣì

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo mú ìṣó tí mo ti fi fáìlì rẹ́ lẹ́nu, mo gbá a. Ó yọ̀. Ó fá ara ìbọn náà ní ìwọ̀n ẹyọ ìrẹsì kan, irin funfun sì hàn. Ó ṣì wà níbẹ̀ di òní, ó sì ń dùn mí ní gbogbo ìgbà tí mo bá mú un, nítorí ìbọn náà la ogun kọjá láìní irú àpá bẹ́ẹ̀.

Nínú pọ́ńṣì tí ẹ máa rà, èyí tó gùn tó sì dọ́gba láti òkè délẹ̀ ni kí ẹ mú, kì í ṣe èyí tí ẹnu rẹ̀ tín-ín-rín tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń nípọn. Onítín-ín-rín yẹn dára fún ìlù kan tàbí méjì àkọ́kọ́. Bó bá wọlé tán, yóò há sínú ihò bí èèkàn. Ìwọ̀n 1/8 ínṣì ló bá píìnì M1911 yìí mu: ó kéré díẹ̀ sí i, kì í kan ògiri ihò.

Idẹ tàbí irin? Idẹ kì í fá àwọ̀ ìbọn, òun ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó rọ̀. Bí píìnì bá há gidi, ẹnu pọ́ńṣì idẹ á fẹ̀, agbára tí ẹ fi lù ú á sì parí sínú rẹ̀. Fún píìnì tínínrín, irú èyí tó wà nínú àwọn ìbọn àpò kékeré, ó máa ń tẹ̀ ni. Nígbà náà ẹ mú ti irin, kí ẹ kọ́kọ́ lẹ téèpù yí ihò náà ká lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta. Téèpù yẹn ni ì bá gbà mí lọ́jọ́ ìṣó.

Ibi tí ìbọn dùbúlẹ̀ sí ṣe pàtàkì bí ohun tí ẹ fi lù ú. Lórí tábìlì lásán tàbí lórí itan, ìlù yín á máa parí sínú ara tó ń mì. Ẹ gbé e lé pákó líle tí ẹ dá ihò sí láàárín, kí píìnì lè rí ibi já sí. Hámà kékeré ni kí ẹ lò. Ìlù kúkúrú tó dá ṣáṣá sàn ju ìlù ńlá kan lọ, torí ìlù ńlá ló ń sọ orí píìnì di olú. Ìlù mẹ́wàá, ẹ dúró, ẹ kán Kroil sí i, ó di ọ̀la.

Àwọn kan ń lo fáìsì, irin tó ń fún nǹkan mọ́ra, láti máa tì í díẹ̀díẹ̀ dípò lílù. Ó dára fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò dúró ṣinṣin, nítorí pọ́ńṣì kò ní fò. Àléébù rẹ̀ ni pé kì í jẹ́ kí èèyàn mọ ìgbà tí agbára ti pọ̀ jù. Hámà ń sọ̀rọ̀: bí píìnì bá ṣì há, ohùn á máa dún kan-kan, bó bá ti mira, ohùn á wálẹ̀. Fáìsì kì í sọ nǹkan kan títí ohun kan á fi ṣẹ́.

Ìgbà tó yẹ kí ẹ gbé e jáde nílé

Bí orí píìnì bá ti fẹ̀, tàbí pọ́ńṣì ẹlòmíràn ti ṣẹ́ sínú ihò, tàbí ó ń ṣe yín bíi kí ẹ mú dírílì, ẹ gbé e fún alágbẹ̀dẹ ìbọn. Dírílì lọ́wọ́ ẹni tí kò ní ẹ̀rọ tó dúró gangan máa ń yẹ̀ bá ara ìbọn, nítorí píìnì sábà máa ń le ju ara ìbọn lọ. Mo gbé ìbọn Colt àtijọ́ kan lọ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fi gígé irin lórí ẹ̀rọ yọ ọ́ láìsí àpá. Kí ẹ tó fi sílẹ̀, ẹ bi wọ́n pé ṣé wọn kò ní fi nǹkan kan dán an. Ọ̀pọ̀ rò pé dídán ni oore.

Bí ohun tí ẹ ní bá ṣọ̀wọ́n, ẹ má tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nílé. Singer, àwọn tí ẹ̀rọ wọn wà ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, náà ṣe M1911A1 kí Amẹ́ríkà tó wọ ogun: 500 péré. Àpá ìrẹsì tèmi lórí ọ̀kan nínú wọn á jẹ owó ọkọ̀. Luger ti Jámánì náà ń fẹ́ ìṣọ́ra lọ́nà tirẹ̀, torí wọ́n tẹ nọ́ńbà sí púpọ̀ nínú ẹ̀yà ara rẹ̀. Bí ẹ bá ba ọ̀kan jẹ́ tí ẹ fi òmíràn rọ́pò, nọ́ńbà kò bára mu mọ́, iye rẹ̀ sì ti já.

Ó jáde tán, kí ni ẹ máa fi fọ̀ ọ́?

Ìbọn ìgbà ogun fẹ́ omi ṣáájú ọ́ìlì. Ohun tó ń tanná nínú ọta ológun ìgbà náà máa ń fi irú iyọ̀ kan sílẹ̀ nínú ọ̀pá ìbọn. Iyọ̀ yẹn ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, ọ́ìlì kì í sì í yọ́ ọ. Omi gbígbóná ló ń yọ́ ọ. Ballistol tí a pò mọ́ omi, tó máa ń funfun bíi wàrà, ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì pọ̀. Hoppe's No. 9, tó ti wà láti 1903, dára púpọ̀ fún èéfín àti òjé, ṣùgbọ́n ẹ má fi rẹ ìbọn tí wọ́n fi níkẹ̀lì bò. Amóníà inú rẹ̀ lè gba ibi tó sán wọlé lọ jẹ bàbà tó wà lábẹ́ níkẹ̀lì. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ sì fọ ọwọ́ kí ẹ tó jẹun, nítorí òjé wà nínú dúdú tí ẹ ń nù yẹn.

Tèmi jáde ní ọjọ́ kẹsàn-án Kroil, lẹ́yìn omi híhó. Ìlù kẹta láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, ohùn wálẹ̀, mo sì gbé hámà sílẹ̀, mo fi ọwọ́ ti pọ́ńṣì. Àárín píìnì náà ní àmì ìpẹtà bí òrùka. Orí méjèèjì mọ́ ṣáká. Mo fi òwú irin tó rọ̀ jù lọ àti ọ́ìlì nù ún, n kò rọ́pò rẹ̀, torí píìnì ìgbà ogun ni, ó sì ṣì dúró gangan. Inú ilé sípíríǹgì kún fún ìyẹ̀fun pupa tó ń dà sórí àkísà. Mo fọ gbogbo rẹ̀, mo fi gíríìsì tó fẹ́lẹ́ pa píìnì náà lára, mo tì í padà. Àtàǹpàkò ló ṣe gbogbo iṣẹ́ náà, àfi ìdí rẹ̀ tí mo fi pọ́ńṣì idẹ tì lẹ́ẹ̀kan.